Module Kò Kú, Àdírẹ́sì Rẹ̀ Ló Sọnù
Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ ní Kàbà

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá láti Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ gba ọ̀nà Ọ̀bàjànà wọlé láàárọ̀ yìí, ẹ kú ìrìn, ẹ kú eruku. Òkun o.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ọjọ́ ọ̀la àwọn ọ̀dọ́. Mo dúpẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gbòòrò ju ẹnu mi lọ. Ohun tí ọwọ́ mi ti kàn ni mo fẹ́ sọ: module Ethernet, ẹ̀ka tó ń gba wáyà nẹ́tíwọ̀kì bá àwọn ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀, tó máa ń wà lára PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́; ohun tó yẹ ká wò nígbà tó bá dákẹ́, àti bí owó ṣe ń ṣòfò lórí èyí tí kò bàjẹ́ rárá. "Module ti kú" ni mo máa ń gbọ́ lórí fóònù. Tí mo bá débẹ̀, ó sábà máa ń wà láàyè. Ó lè jẹ́ pé àdírẹ́sì rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà IP tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n lórí nẹ́tíwọ̀kì, ló sọnù, tàbí ẹlòmíràn ló gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, tàbí wọ́n fún un ní nọ́ńbà kan tí kò bá ti àwọn tó kù mu.

PLC kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa mọ́. Ẹ ò lè ka ọmọ Òkun tó ti jẹun lára iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ọ̀bàjànà tán, gbogbo yín sì mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn iná ààrò sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ilé iṣẹ́ ńlá nìkan. Ẹ̀rọ tó ń rọ píọ́ wọ́tà sínú ọ̀rá, èyí tó ń di gààrí sínú àpò, èyí tó ń fọ́ òkúta, wọ́n ti ń gbé PLC kékeré wá nínú, ihò Ethernet sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó rà á kò mọ ohun tí ihò náà wà fún títí ọjọ́ tí ojú ìwòran yóò fi ṣókùnkùn.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ní 1968 ni Dick Morley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èrò PLC kalẹ̀, èyí tó di Modicon 084, kí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ páánẹ̀lì tí relay, ìyẹn swíìṣì oníná, kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ní 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ethernet ní ilé ìwádìí Xerox. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Modbus, èdè tí PLC fi ń bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀, jáde ní 1979, wáyà serial ló ń gbà, kò mọ Ethernet rí. Ìdí nìyẹn tí Ethernet fi jẹ́ ohun tí wọ́n wá fi há PLC lẹ́gbẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí module tó dá dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn: CPU, ọpọlọ PLC, lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ geere, mọ́tò á máa yí, bẹ́líìtì á máa gbé ẹrù, síbẹ̀ kí module Ethernet máà bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kò sọ pé nẹ́tíwọ̀kì dára, nẹ́tíwọ̀kì tó dákẹ́ kò sì sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn wá jù, ìyẹn iná.

Ilé iṣẹ́ kan wà lójú ọ̀nà yìí, mi ò ní dárúkọ. Nígbàkígbà tí iná ìjọba bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì gbé e, module wọn á dàwátì. Kọ̀ǹpútà yàrá ìdarí á di òfìfo, gbogbo nọ́ńbà ojú rẹ̀ á di àmì ìbéèrè. Ọ̀gá wọn ní iná ló jó module. Wọ́n ra tuntun, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Ẹnì kan wá láti ìlú ńlá, ó so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, ó fún un ní àdírẹ́sì, gbogbo nǹkan dáa, ó gbowó, ó lọ. Iná tún lọ. Tuntun náà tún dàwátì. Wọ́n tún ra òmíràn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: module àkọ́kọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn títí di báyìí, ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Irú module tí wọ́n ní, 1756-ENBT ti Allen-Bradley, kì í ní àdírẹ́sì nígbà tó bá ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é dé. BOOTP ni wọ́n ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ tí ẹ̀rọ fi ń bèèrè àdírẹ́sì ni BOOTP, láti 1985, àbúrò rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ú lọ ni DHCP. Bí iná bá ti dé ara module, yóò figbe ta lórí wáyà pé, "Ta ló máa fún mi ní àdírẹ́sì?" Yóò máa ké e lákétúnké. Arákùnrin tó ti ìlú ńlá wá ṣí ètò kan lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ń dáhùn irú igbe bẹ́ẹ̀, ó kọ 192.168.1.20 síbẹ̀, module gbà á, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pa BOOTP. Àdírẹ́sì tí a gbà bẹ́ẹ̀ kò wọ ibi tí module ń kọ nǹkan pamọ́ sí. Iná lọ, àdírẹ́sì bá a lọ. Iná dé, module tún figbe ta, láptọ́ọ̀pù tó ń dáhùn ti wọ mọ́tò kúrò nílùú.

Ní ibi tí iná kì í lọ, àléébù yìí lè sùn fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Níbí ńkọ́? Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti hàn. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ pé iṣẹ́ kò tíì parí títí tí ẹ ó fi pa iná module náà fúnra yín, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ sì rí i pé àdírẹ́sì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Oògùn rẹ̀ ò le: lẹ́yìn tí module bá ti gba àdírẹ́sì, ẹ yàn án nínú ètò náà, ẹ tẹ "Disable BOOTP/DHCP", kí ẹ dúró kó jẹ́rìí sí i pé ó gbà. Nígbà míì kì í gbà ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ tún un tẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, bíi 1756-EN2T, ní nọ́ńbà mẹ́ta kan tí à ń fi screwdriver kékeré yí lára wọn. Láti 001 dé 254, ohun tí ẹ bá yí i sí ni yóò gbẹ̀yìn 192.168.1. Ẹni tó bá yí i sí 888 ti fọ gbogbo ètò inú rẹ̀ dànù nìyẹn, ó padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ má fi nọ́ńbà yẹn ṣeré.

Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ tí mo débẹ̀ ni pé module náà ti ń sọ ohun tó ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá. Fèrèsé kékeré kan wà lójú rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá kàn wò ó fìrí, lẹ́tà mélòó kan ló máa rí, á ní "Oyìnbó ló ń kọ." Ẹ fara balẹ̀ dúró níwájú rẹ̀. Ohun tó ń kọ ni BOOTP, ó sì kọ nọ́ńbà gígùn kan tó ní lẹ́tà nínú tẹ̀ lé e, ìyẹn àdírẹ́sì MAC rẹ̀, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi mọ́ ọn lára. Ká ní àdírẹ́sì ló ní, òun ni ì bá kọ. Ká ní wáyà ló já, ì bá sọ pé Ethernet kò so mọ́ nǹkankan. Ká ní ẹlòmíràn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ì bá kọ "Duplicate IP."

Iná kéékèèké abẹ́ fèrèsé náà tún wà. Èyí tí wọ́n kọ LINK sí: bí kò bá tàn, ẹ má wulẹ̀ ṣí láptọ́ọ̀pù, ọ̀rọ̀ wáyà ni, tàbí ti switch, àpótí tí àwọn wáyà nẹ́tíwọ̀kì ti ń pàdé. Èyí tí wọ́n kọ NET sí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Bí kò bá tàn rárá, kò ní àdírẹ́sì. Bí àwọ̀ ewé bá ń ṣẹ́jú, ó ní àdírẹ́sì ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a ṣe àdéhùn ìsọ̀rọ̀. Bí àwọ̀ ewé bá dúró gbọin, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Bó bá pọ́n tó sì dúró, àdírẹ́sì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Báyìí ni ti EtherNet/IP, èdè nẹ́tíwọ̀kì tí module yìí ń sọ; ilé iṣẹ́ míì ní tirẹ̀, ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ ló máa sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé yẹn dáná.

Ó kan láptọ́ọ̀pù wàyí. Ẹni tó fẹ́ yẹ module wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ kọ ipconfig sí fèrèsé àṣẹ láptọ́ọ̀pù, kó sọ àdírẹ́sì tirẹ̀ fún yín. Bó bá fún yín ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, láptọ́ọ̀pù yín ń wá ẹni tó máa fún òun ní àdírẹ́sì, kò rí i, ó sì sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹ fi ọwọ́ kọ àdírẹ́sì tó bá ti module mu sí i. Kí ẹ sì pa Wi-Fi, ẹ dákun. Mo ti rí ẹni tó ń pe 192.168.1.20 láti òwúrọ̀, tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sì ń gba Wi-Fi ọ́fíìsì lọ wá a, nítorí 192.168.1 náà ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Kéébù wà lára module, kò sẹ́ni tó gba inú rẹ̀ kọjá.

Ping, àṣẹ tó ń pe àdírẹ́sì kan láti mọ̀ bóyá yóò dáhùn, ni gbogbo wa mọ̀. Mike Muuss ló kọ ọ́ ní 1983, ohun èlò tó sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ máa ń kà á bíi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Bó bá kọ "Destination host unreachable" tó sì jẹ́ àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù yín gan-an ló ń sọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ pariwo orúkọ yẹn lórí wáyà, kò sẹ́ni tó dáhùn pé òun ni. Ẹ wá wáyà, ẹ wá iná, tàbí kẹ́ ẹ gbà pé àdírẹ́sì module kò rí bí ẹ ṣe rò. Bó bá kọ "Request timed out", ẹ ti ránṣẹ́, ṣùgbọ́n èsì kò padà. Ọ̀ràn ọ̀tọ̀ nìyẹn, a ó dé ibẹ̀.

Bó bá sì dáhùn ńkọ́? Ẹ má tíì yọ̀. Níbì kan, ping ń dáhùn dáadáa, síbẹ̀ ètò PLC ní òun kò rí module. Wọ́n ti tú ètò náà, wọ́n ti tún un fi sórí kọ̀ǹpútà, ibi kan náà ni wọ́n wà. Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí páánẹ̀lì yọ kéébù module. Ó yọ ọ́, ó gbé e sókè kí gbogbo wa rí i. Ping kò dúró, ó ń dáhùn lọ rẹrẹ. Tẹ́ ẹ bá yọ wáyà ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ tí ó sì tún ń dá yín lóhùn, ẹlòmíràn lẹ ń bá sọ̀rọ̀. A kọ arp -a, àṣẹ tó ń fi MAC àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan hàn, a wo MAC tó wà níwájú àdírẹ́sì yẹn, a fi wé èyí tó wà lára module. Kò jọra rárá. Ìdajì àkọ́kọ́ nọ́ńbà náà ló ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ, èyí tí a rí sì jẹ́ ti àwọn tó ń ṣe prínítà. Prínítà akọ̀wé owó ni. DHCP ló fún un ní àdírẹ́sì tí wọ́n ti fi ọwọ́ kọ sí module tipẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún router, ẹ̀rọ tó ń pín àdírẹ́sì náà, pé nọ́ńbà yẹn kò sí fún pínpín mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, arp ni mo máa ń kọ lẹ́yìn ping, bí ìgbà tí ènìyàn ń kí Bàbá tán tó ń kí Ìyá.

Subnet mask ni ọ̀pọ̀ ń kọ láì mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ fojú agbo ilé wò ó. Mask ló ń sọ ibi tí ògiri agbo ilé pin sí, gateway sì ni ẹnu ọ̀nà. Ará ilé, ẹ lè pè é láti iyàrá. Ará ìta, àfi kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́ sí i. 255.255.255.0 gba 254 sínú agbo ilé kan. 255.255.255.240 gba 14 péré. Ká sọ pé ẹnì kan fún module ní 192.168.1.50, ó sì kọ 255.255.255.240 nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí i níbì kan. Láti 49 dé 62 nìkan ni module ka sí ará ilé. Láptọ́ọ̀pù yín jẹ́ 192.168.1.20, mask rẹ̀ 255.255.255.0. Lójú láptọ́ọ̀pù, ará ilé ni module, ó pè é tààrà, ìpè sì dé. Lójú module, àlejò ni láptọ́ọ̀pù. Ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà dá a lóhùn, gateway rẹ̀ jẹ́ 0.0.0.0, ẹnu ọ̀nà ò sí, ó sọ èsì nù. Ẹ̀yin á rí "Request timed out", ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo arp -a, MAC module náà sábà máa ń wà níbẹ̀ gedegbe. Bí ẹ bá rí méjèèjì pa pọ̀, ẹ lọ wo mask kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Ti gateway kì í ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ nídìí páánẹ̀lì, tó wá jẹ́ pé ọ́fíìsì ọ̀gá tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì mìíràn nìkan ni kò rí i, gateway ni kẹ́ ẹ wò. Àdírẹ́sì gateway gbọ́dọ̀ wà nínú agbo ilé module fúnra rẹ̀. Mo ti rí èyí tó wà níta.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ping dáa, MAC bára mu, mask péye, ètò ṣì ní òun kò rí nǹkan. Ẹ wo firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ọ̀nà, ti láptọ́ọ̀pù tàbí ti switch. Èdè kọ̀ọ̀kan ní port tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé: EtherNet/IP ń gba port TCP 44818, Modbus TCP ń gba 502, S7 ti Siemens ń gba 102. Ó sì lè jẹ́ pé àlejò ti kún ilé: ENBT tí mo dárúkọ yẹn kò lè gbà ju ìsopọ̀ TCP 64 lọ. Ẹ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú bíráúsà, ojúewé àyẹ̀wò rẹ̀ á sọ iye tó wà lórí rẹ̀ fún yín.

Lórí ojúewé yẹn kan náà, ẹ wo iye àṣìṣe FCS (ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà) àti late collision (ọ̀rọ̀ tó kọlu ara wọn). Bí wọ́n bá ń gun òkè bí ẹ ṣe ń wò wọ́n, tí nẹ́tíwọ̀kì sì ń lọ ṣùgbọ́n tó ń fà bí ìgbín, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fi ọwọ́ de ìhà kan mọ́ 100 full duplex (kí ìhà méjèèjì máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), tó fi ìhà kejì sílẹ̀ kó máa yan fúnra rẹ̀. Ìhà tó ń yan kò gbọ́ ohùn ìkejì, half duplex, kí ọ̀kan sọ̀rọ̀ kí èkejì dákẹ́, ni yóò mú. Ẹ fi méjèèjì sórí auto, tàbí kí ẹ de méjèèjì. Bí duplex bá bára mu tí FCS ṣì ń gòkè, ẹ wo kéébù, pàápàá èyí tó bá wáyà mọ́tò ńlá gba inú páìpù kan náà, àti èyí tó gùn ju mítà 100 lọ.

Àwọn tí ń lo ti Siemens láti Jámánì lè ní mo ti gbàgbé àwọn. PROFINET, èdè nẹ́tíwọ̀kì wọn, ní ìwà tirẹ̀. Orúkọ ni PLC fi ń wá ẹ̀rọ abẹ́ rẹ̀, ó rí orúkọ náà kó tó fún un ní àdírẹ́sì IP. Nítorí náà, ẹ lè gbé ẹ̀rọ tuntun síbẹ̀, kí ẹ fún un ní IP tó tọ́, kí iná BF, èyí tó ń sọ àléébù nẹ́tíwọ̀kì, ṣì máa pọ́n, nítorí ẹ kò sọ ọ́ lórúkọ tó wà nínú ètò. Ẹyọ lẹ́tà kan tó yàtọ̀ ti tó.

Kí ẹ tó yọ module èyíkéyìí kúrò, ẹ kọ ohun tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀: IP, mask, gateway, MAC, bóyá BOOTP wà ní ṣíṣí tàbí pípa, ihò switch tó so mọ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn páánẹ̀lì, kì í ṣe inú fóònù yín. Fóònù yín máa bá yín lọ ọjọ́ tí ẹ bá gba iṣẹ́ mìíràn.

Ìbéèrè pọ̀ lẹ́yìn èyí, méjì ni mo kọ sílẹ̀. Arábìnrin kan láti Ìsánlú ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, níbi iṣẹ́ wa ẹnì kan gbé router kékeré oní síìmù wá láti máa fi wo íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi wáyà so ó mọ́ switch ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni nǹkan ò ti rí bákan náà." Mo ní, àbúrò mi, ẹ yọ ọ́ lónìí. Router yẹn ń pín DHCP, gbogbo ẹ̀rọ tí wọn ò tíì de àdírẹ́sì rẹ̀ yóò gba èyí tó bá fún un. Bí 192.168.1.1 bá sì jẹ́ tirẹ̀ tó tún jẹ́ ti PLC yín, ìjà dé nìyẹn. Kó lọ fi í sórí tábìlì rẹ̀, kó lo Wi-Fi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ọ̀gá òun wà l'Ábújá, ó fẹ́ máa wo ẹ̀rọ lórí fóònù, ṣé òun lè ṣí port 502 síta lórí router. Rárá o. Modbus kò mọ password, kò bèèrè ẹni tó ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dé 502 lè kà, ó sì lè kọ, kíkọ ló sì ń tan mọ́tò. Ní 2010 ni wọ́n rí Stuxnet, ètò aṣebi orí kọ̀ǹpútà, tó dojú kọ PLC Siemens ní ilé iṣẹ́ Natanz ní Iran, ibẹ̀ kò sì so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀gá bá fẹ́ wò, kí wọ́n ra router tó ní VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ aláàbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì), kí wọ́n fún un ní ojú ìwòran tó lè kà nìkan, kí wọ́n sì yí password tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá so ó.